Bí A Ṣe Lè Wá Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí A Ti Pa Rẹ́ Padà Lórí Fóònù Android Àtijọ́

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin gbé Samsung Galaxy S III kan tọ̀ mí wá. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí ìyá wa fi ránṣẹ́ sí i ní oṣù tó ṣáájú ìpapòdà wọn wà lórí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kékeré sì ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ níbi tó ti ń fi fóònù náà ṣeré. A rí púpọ̀ nínú wọn padà, àwọn kan ní odindi, àwọn kan ní ìlàjì gbólóhùn. Ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ni pé àbúrò mi pa fóònù náà lójú ẹsẹ̀, kò sì tún tàn án títí ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í pàdánù àtẹ̀jíṣẹ́ wọn ní àkókò tí wọ́n pa á rẹ́ bí kò ṣe nínú wákàtí tí wọ́n fi ń sáré wá a kiri, ìdí sì nìyẹn tí mo fi to ìtọ́sọ́nà yìí ní ẹsẹẹsẹ. Fóònù S III yẹn, tó jáde ní ọdún 2012, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni mo mọ̀ dáadáa, tòkunbọ̀ rẹ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbé nínú fóònù

Lórí fóònù Android, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́, èyí tí a gbà àti èyí tí a fi ránṣẹ́, wà nínú fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ mmssms.db, nínú fódà /data/data/com.android.providers.telephony/databases. Irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní SQLite ni, ó sì pín sí ojú ewé ojú ewé bí ìwé. Nígbà tí ẹ bá pa àtẹ̀jíṣẹ́ kan rẹ́, SQLite kì í sábà nu ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kàn máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyè yẹn ti ṣófo, pé ọ̀rọ̀ tuntun lè gba ibẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìyálọ́jà pa orúkọ ẹnì kan rẹ́ nínú ìwé àwọn tó ni ìsọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹrù onítọ̀hún ṣì wà nínú ìsọ̀ náà títí ẹlòmíràn fi máa kó ti rẹ̀ dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì yìí ni òmíràn tún wà, mmssms.db-journal, níbi tí SQLite máa ń kọ ẹ̀dà ojú ewé sí kí ó tó yí i padà. A máa ń bá ọ̀rọ̀ àtijọ́ níbẹ̀ nígbà mìíràn.

Ohun méjì ló ń pa ọ̀rọ̀ náà run pátápátá. Èkíní ni ọ̀rọ̀ tuntun tó gorí àyè rẹ̀: àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn tó wọlé, fọ́tò tí a yà, áàpù tí a gbà sílẹ̀. Èkejì ni fstrim, iṣẹ́ ìmọ́tótó kan tí Google fi sínú Android 4.3 ní ọdún 2013, tó ń sọ fún mẹ́mórì fóònù pé kí ó nu àwọn àyè tí kò sí fáìlì nínú wọn mọ́. Fóònù sábà máa ń ṣe é nígbà tó bá wà nídìí iná tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án, bíi lóru. Android 4.3 ni Samsung gbé S III tí wọ́n tà káàkiri ayé (GT-I9300) dé gbẹ̀yìn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Ẹ dá fóònù náà dúró

Bí ẹ bá ti rí i pé àtẹ̀jíṣẹ́ ti lọ, ẹ fi fóònù náà sí "Flight mode", kí ẹ sì pa á. Ẹ yọ síìmù kúrò, kí ẹ fi í sínú fóònù mìíràn, kí ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Bí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀, pípa ni kí fóònù wà tí ẹ ó fi fi í sí iná.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba áàpù kankan sílẹ̀ sórí fóònù náà láti fi wá àtẹ̀jíṣẹ́. Áàpù tí ẹ bá gbà sílẹ̀ ní láti wà níbì kan nínú mẹ́mórì, ó sì lè jẹ́ orí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá gan-an ni yóò jókòó sí. Yàtọ̀ sí èyí, Android kì í jẹ́ kí áàpù lásán wọ inú fódà /data. Ẹni tó bá ń ta áàpù tó ní òun lè hú àtẹ̀jíṣẹ́ jáde láìsí root (àṣẹ tó ń jẹ́ kí a lè wọ gbogbo inú fóònù), ohun tó ṣì wà nínú fáìlì tí a kò tíì pa rẹ́ nìkan ló lè fi hàn yín, èyí tí ẹ ti ń rí tẹ́lẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Àwọn ibi tí kò le, tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí ẹ jọ ń kọ ọ̀rọ̀ síra yín. Ẹ̀dà tirẹ̀ ṣì lè wà lórí fóònù rẹ̀, ó sì lè ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ àlẹ́ẹ̀tì báńkì ni ẹ ń wá, státímẹ́ǹtì láti báńkì yín yóò fi owó àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ mọ̀ hàn, ẹ kò sì nílò láti tú fóònù palẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ti ilé-iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí ni pé wọ́n ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, wọ́n ń dì í mú títí yóò fi dé orí fóònù tí a fi ránṣẹ́ sí, wọ́n á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni oníbàárà ti ń gba ẹ̀dà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo síìmù. Àwọn fóònù àtijọ́ máa ń tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ sórí síìmù, ó sì lè jẹ́ pé síìmù yín ti kọjá nínú irú wọn. Nínú fóònù kejì tí ẹ fi síìmù sí, ẹ lọ sí ibi ètò àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ wá "Manage SIM card messages". Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ẹ má tíì sọ̀rètí nù, nítorí pé àyè kọ̀ọ̀kan fún àtẹ̀jíṣẹ́ lórí síìmù jẹ́ báìtì 176: báìtì kìíní ń sọ bóyá àyè náà ṣófo tàbí ó kún, 175 yòókù sì ni ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ fóònù kàn máa ń yí báìtì kìíní sí òdo nígbà tí a bá pa nǹkan rẹ́ ni, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń ka síìmù lórí kọ̀ǹpútà lè rí ọ̀rọ̀ náà kà.

Ẹ tún wá ẹ̀dà ìpamọ́. Bí ẹ bá ti fi Kies, ètò Samsung ti ìgbà yẹn, so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà rí, ẹ wo fódà Documents, lẹ́yìn náà samsung, Kies àti Backup. Bí ẹ bá lo áàpù SMS Backup & Restore, fáìlì XML ló ń ṣe, ẹ ó rí i lórí mẹ́mórì káàdì tàbí nínú Google Drive, ẹ sì lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Àwọn tó lo SMS Backup+ ní tiwọn ní láti wọ inú Gmail wọn, kí wọ́n sì wo abẹ́ àkọlé SMS. Lórí Android tó jẹ́ tuntun ju èyí lọ, Google Drive fúnra rẹ̀ lè ti tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá ń to fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó ń dá a padà, Google sì lè pa ẹ̀dà náà rẹ́ bí fóònù bá ti wà láìlò fún ọjọ́ 57. Nítorí náà, fóònù mìíràn ni kí ẹ dá a padà sí. Ẹ má ṣe fọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín nù láti gba ẹ̀dà tí ẹ kò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa ohun tó ń pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan. Nínú ètò àtẹ̀jíṣẹ́ Android àtijọ́, ẹ ó rí "Delete old messages", tó máa ń fi òdiwọ̀n sí iye àtẹ̀jíṣẹ́ tó lè wà láàárín yín àti ẹnì kan, 200 sì ni iye tó wọ́pọ̀. Bí ó bá ṣí sílẹ̀, bí tuntun bá ṣe ń wọlé bẹ́ẹ̀ ni ti àtijọ́ ń lọ. Bí ó bá jẹ́ èyí ló mú tiyín lọ, ọ̀rọ̀ tuntun ti ń gorí rẹ̀ láti ìgbà náà, kí ẹ sì fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó ṣe wàhálà tó kù.

Mímọ fóònù tó wà lọ́wọ́ yín

Bí gbogbo èyí bá já sí òfo, inú fóònù fúnra rẹ̀ ló kù. Ẹ yọ bátìrì, ẹ ka nọ́mbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. GT-I9300 ni S III tí wọ́n tà káàkiri ayé. Àwọn tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní nọ́mbà mìíràn, ìṣẹ̀dá inú wọn sì yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ibẹ̀ wá. SCH-I535 tí Verizon tà, wọ́n ti ti bootloader rẹ̀ (ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ fóònù) pa, ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kò sì rọrùn lórí rẹ̀. Fáìlì tí a ṣe fún nọ́mbà kan lè sọ fóònù tó ní nọ́mbà mìíràn di òkú pátápátá, nítorí náà ẹ ka nọ́mbà yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn fóònù kan wà, bíi ti Nexus, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ṣí bootloader wọn ni wọ́n máa fọ gbogbo ohun inú wọn nù. Bí tiyín bá wà lára wọn, tí a kò sì tíì ṣí i tẹ́lẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Bákan náà, láti Android 6.0 ti ọdún 2015 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di dandan fún ọ̀pọ̀ fóònù tuntun pé kí ohun inú wọn wà ní àdììtú. Ohun tí ẹ bá dà kọ láti inú mẹ́mórì irú fóònù bẹ́ẹ̀ kò ní ṣeé kà, ẹ̀dà ìpamọ́ nìkan ló lè gba yín. Fóònù ọdún 2012 kò ní ìdíwọ́ yìí àyàfi bí olówó rẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ tan àdììtú.

Fóònù tiyín nìkan ni kí ẹ ṣe èyí sí, tàbí ti ẹni tó fi tọkàntọkàn gbé tirẹ̀ fún yín. Òfin Cybercrimes ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà ka wíwọ inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Dída mẹ́mórì kọ sórí kọ̀ǹpútà

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí fóònù tàn láìjẹ́ pé Android fúnra rẹ̀ tàn, nítorí pé ìgbàkígbà tí Android bá dìde ló ń kọ nǹkan sínú /data. TWRP, ètò kan tó ń tan fóònù láìkan Android, ló ń ṣe èyí fún wa. Inú recovery, ìpín mẹ́mórì tó wà fún àtúnṣe fóònù, ló ń wà, fífi í síbẹ̀ kì í sì fọwọ́ kan ìpín tí àtẹ̀jíṣẹ́ wà. Ẹ gba TWRP ti I9300 tó jẹ́ fáìlì .tar sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà Windows, pẹ̀lú Odin (ètò tí a fi ń kọ fáìlì sínú fóònù Samsung), ètò USB ti Samsung, àti platform-tools ti Google tí adb (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ fún fóònù) wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún ju ìdajì lọ.

Fóònù wà ní pípa. Ẹ tẹ Volume ìsàlẹ̀, Home àti Power pọ̀, ẹ ó rí ìkìlọ̀, ẹ tẹ Volume òkè láti gbà. Ẹ ṣí Odin, ẹ so okùn USB mọ́ fóònù, kí ẹ sì fi fáìlì TWRP sí àyè PDA, èyí tí Odin tuntun ń pè ní AP. Ẹ rí i dájú pé kò sí àmì nínú "Re-Partition". Ẹ yọ àmì inú "Auto Reboot" náà, nítorí pé bí ẹ bá fi í sílẹ̀, fóònù yóò tàn padà sínú Android fúnra rẹ̀, yóò kọ nǹkan sínú /data, ó sì lè dá recovery àtijọ́ padà. Ẹ tẹ "Start". Nígbà tí ó bá parí, ẹ yọ okùn, ẹ yọ bátìrì, ẹ dá a padà, kí ẹ sì tẹ Volume òkè, Home àti Power pọ̀ títí TWRP yóò fi hàn. Bí ó bá bi yín bóyá kí ó lè ṣe àtúnṣe sí ohun inú fóònù, ẹ yan "Keep Read Only". Lẹ́yìn náà, ẹ wọ "Mount", kí ẹ sì yọ àmì iwájú Data kúrò.

Ẹ so okùn padà, ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà tí adb wà, kí ẹ kọ:

adb shell ls -l /dev/block/platform/*/by-name

Ẹ wá ìlà tí USERDATA, ìpín tí /data wà, wà. Lórí I9300, mmcblk0p12 ló ń tọ́ka sí. Bí tiyín bá sọ nǹkan mìíràn, tiyín ni kí ẹ tẹ̀lé. Lẹ́yìn náà:

adb pull /dev/block/mmcblk0p12 userdata.img

Èyí ń da gbogbo ìpín náà kọ, àyè tó ṣófo àti èyí tó kún, sórí kọ̀ǹpútà. Ó lè gba wákàtí kan, ẹ má ṣe mi okùn. Ẹ rí i pé díìsìkì tí ẹ ń kọ ọ́ sí kì í ṣe FAT32, nítorí FAT32 kò lè gba fáìlì tó ju 4 GB lọ. Bí ó bá parí, ẹ ṣe ẹ̀dà userdata.img kejì, kí ẹ fi ti àkọ́kọ́ pamọ́, orí ẹ̀dà sì ni kí ẹ ti máa ṣiṣẹ́.

Ìgbà yìí ni ẹ tó lè padà sí "Mount" láti fi àmì sí Data, kí ẹ wá kó fáìlì àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra rẹ̀:

adb pull /data/data/com.android.providers.telephony/databases

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa fóònù náà láti inú TWRP. A kò nílò rẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Wíwá ọ̀rọ̀ náà

Ẹ fi DB Browser for SQLite ṣí ẹ̀dà mmssms.db, kí ẹ wo tábìlì tó ń jẹ́ sms. Nínú address ni nọ́mbà wà, nínú body ni ọ̀rọ̀ wà, type 1 jẹ́ èyí tí a gbà, 2 jẹ́ èyí tí a fi ránṣẹ́. Date jẹ́ iye mílísẹ́kọ́ǹdì láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ rò pé ó ti lọ ṣì wà níbẹ̀, tí ó kàn jẹ́ pé ètò àtẹ̀jíṣẹ́ kò fi hàn mọ́.

Bí kò bá sí níbẹ̀, ètò sqlite3 fúnra rẹ̀ ní àṣẹ kan láti ẹ̀dà 3.29 ti ọdún 2019, tó ń ka àwọn ojú ewé tí a ti kọ sílẹ̀ pé wọ́n ṣófo:

sqlite3 mmssms.db .recover > jade.sql

Ẹ ṣí jade.sql bí ìwé lásán, ẹ wá nọ́mbà tàbí ọ̀rọ̀ tí ẹ rántí. Àṣẹ yìí kò lè rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí a pa rẹ́ nínú ojú ewé tí àwọn mìíràn ṣì wà nínú rẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ lo FQLite, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí a sì kọ fún irú iṣẹ́ yìí gan-an.

Ibi tó kẹ́yìn ni userdata.img. Autopsy, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Windows, lè ṣí i, kí ó sì wá ọ̀rọ̀ káàkiri inú rẹ̀ títí kan àyè tó ṣófo. Lórí Linux, grep (àṣẹ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì) tó: grep -a pẹ̀lú ohun tí ẹ ń wá. Bí ẹ ṣe máa wá a ló wá ṣe pàtàkì. Nọ́mbà 10 tó kẹ́yìn nínú nọ́mbà fóònù onítọ̀hún ni kí ẹ fi wá a, nítorí fóònù lè ti kọ ọ́ pẹ̀lú +234 nígbà kan, kí ó sì fi 0 bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí a gbà, nọ́mbà olùránṣẹ́ ló ń ṣáájú, ọ̀rọ̀ á tẹ̀lé e, nọ́mbà mìíràn á sì wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ìyẹn ni ti ibùdó àtẹ̀jíṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má ṣe rò pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ọjọ́ kì í hàn sí ojú níbẹ̀, nítorí pé kì í ṣe lẹ́tà ni SQLite fi ń kọ ọ́.

Àwa tó ń fi Yorùbá kọ̀wé ní ohun kan láti kíyè sí. Bí ìyá mi bá kọ "ọmọ mi" pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò lọ ní UCS-2, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó ń gba lẹ́tà 70 péré nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan dípò 160, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà lórí síìmù. Ṣùgbọ́n inú mmssms.db, UTF-8, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà mìíràn, ni. Lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè pọ̀, bíi "ọ́", tún ṣeé kọ ní oríṣiríṣi ọ̀nà tó jọra lójú ènìyàn tí kò sì jọra lójú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ẹ má ṣe wá odindi gbólóhùn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò lè ní àmì ìsàlẹ̀ nínú, bíi "mama" tàbí "naira", tàbí nọ́mbà. Bí ẹ bá wá "omo mi" láìsí àmì, kí ẹ tún fi àmì wá a lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ènìyàn kan náà lè kọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ìyá wa kì í fi àmì kọ nǹkan rárá, nọ́mbà wọn sì ni a fi rí èyí tó pọ̀ jù.

Bí ó bá jẹ́ iPhone àtijọ́

Lórí iPhone 4S, 5 tàbí 6, ẹ má ṣe gbìyànjú láti wọ inú mẹ́mórì, nítorí àdììtú wà lórí rẹ̀. Ẹ wo kọ̀ǹpútà tí iTunes wà. Kí ẹ tó so fóònù mọ́ ọn, ẹ wọ Preferences nínú iTunes, lọ sí Devices, kí ẹ sọ fún un pé kí ó má ṣe sync fúnra rẹ̀, kí ó má baà fi ẹ̀dà tuntun tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀ bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Lórí Windows, inú AppData, Roaming, Apple Computer, MobileSync, Backup ni ẹ̀dà wà. Fáìlì àtẹ̀jíṣẹ́ ń jẹ́ 3d0d7e5fb2ce288813306e4d4636395e047a3d28, láti iOS 10 sì ni ó ti wà nínú fódà kékeré tó ń jẹ́ 3d. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ fi DB Browser ṣí i, ẹ wo tábìlì message. Bí ẹ bá ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà dí ẹ̀dà náà, ẹ kò ní lè kà á báyìí.

Títọ́jú ohun tí ẹ rí

Ẹ da ohun tí ẹ rí kọ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ yan UTF-8 nígbà tí ẹ bá ń pamọ́ rẹ̀, kí àmì orí àti ìdí lẹ́tà má baà di àmì ìbéèrè. Fún àbúrò mi, mo tẹ tiwa sórí ìwé, mo sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa nínú ímeèlì. Ẹ fi userdata.img náà pamọ́ sórí díìsìkì ìta, nítorí ẹ lè tún rántí ọ̀rọ̀ mìíràn láti fi wá a lọ́la, ètò tuntun sì lè rí ohun tí ti àtijọ́ kò rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó dá síìmù padà, kí ẹ sì tan fóònù.